Fífi Ewu Wé Ewu: Ìtàn Bí a Ti Ṣẹ́gun Ìgbóná

Àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí li alẹ́ yìí kò sí láàárín àwọn alààyè mọ́. Àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ li ọ̀sán gangan. Olóde ni wọn ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Wọn a tilẹ̀ kàn wí pé ilẹ̀ gbóná li ìhà ibẹ̀ yẹn, olúkúlùkù a sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná bá pa, a kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ ni a ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa dú. Bẹ́ẹ̀ li ó sì rí pé ohun tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ, a kò lè ka iye ẹni tí ó pa; nítorí tí a kò kà á, kò sí ẹni tí ó lè sọ bí ọdún kan ti burú ju èkejì lọ, tàbí ìdí rẹ̀ tí ìlú kan fi yọ tí èkejì sì fi di ahoro. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ kíkà yìí dání, nítorí pé òun gan-an ni kókó ìtàn tí a fẹ́ sọ.

Bí oògùn kan bá wà tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára, iṣẹ́ àwọn tí ń ṣàkóso ìlera ìlú ì bá rọrùn: kí wọn pín in fún gbogbo ènìyàn, ó parí. Ṣùgbọ́n bí oògùn náà fúnra rẹ̀ bá ń pa ènìyàn díẹ̀ ńkọ́? Tí a bá lò ó, àwọn kan yóò kú nípa ọwọ́ wa; tí a kò bá lò ó, àwọn mìíràn yóò kú nípa àrùn, wọn sì lè pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Aláṣẹ tí ó ṣe ohun kan tí ọmọ kan fi kú, gbogbo ìlú yóò dìde sí i. Aláṣẹ tí ó káwọ́ gbera, tí 100 ọmọ sì kú, wọn óò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Nítorí ìdí èyí li ọkàn àwọn tí ó wà li ipò fi máa ń tẹ̀ sí àìṣe nǹkan kan. Ohun tí a ń pè ní fífi ewu wé ewu ni pé kí a gbé ewu ṣíṣe sí apá kan òṣùwọ̀n, kí a gbé ewu àìṣe sí apá kejì, kí a sì ka méjèèjì láìṣe ojúsàájú. Ìgbóná li ó kọ́kọ́ fi tipátipá kọ́ aráyé li ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Boston, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ìlú náà tó bí 11,000. Li oṣù April ọdún 1721, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Seahorse ti àwọn erékùṣù West Indies dé sí èbúté wọn, ìgbóná sì bá àwọn atukọ̀ rẹ̀ wọ ìlú. Kí ọdún kan tó yí po, nǹkan bí 5,800 ènìyàn li àrùn náà dá dùbúlẹ̀, 844 nínú wọn sì kú. Àní, ju ìdajì ìlú náà lọ li ó ṣàìsàn.

Àlùfáà kan wà ní ìlú náà, Cotton Mather li orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò rọrùn láti fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó kọ nípa ọ̀ràn àwọn àjẹ́ ìlú Salem li ọdún 1692 yóò mọ ìdí rẹ̀ tí a fi sọ bẹ́ẹ̀. Li ọdún 1706 ìjọ rẹ̀ ra ẹrú kan fún un, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, òun sì sọ ọ́ ní Onesimus gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹrú Filemoni nínú Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Mather bi í léèrè bí ó bá ti ní ìgbóná rí, ó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni. Ní ilẹ̀ rẹ̀, a ti fi abẹ là á li ara, a sì ti fi díẹ̀ nínú ọyún ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe sí ojú abẹ náà. Àìsàn díẹ̀ ṣe é, ó sàn, ìgbóná kò sì lè mú un mọ́ títí láé. Ó fi àpá rẹ̀ hàn án. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti rí ibi tí a ti ń sín gbẹ́rẹ́ rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Mather bi àwọn ẹrú mìíràn léèrè, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ti Onesimus mu. Lẹ́yìn náà ni ó kà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé London pé àwọn ará Túrkí pàápàá ń ṣe bákan náà. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rí ẹrú ni ó kọ́kọ́ dé etí rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Èyí kò wọ́pọ̀ li ọjọ́ wọnnì.

Nígbà tí àrùn náà dé, ó kọ̀wé sí àwọn oníṣègùn ìlú pé kí wọn dán gbígbin ìgbóná yìí wò. Zabdiel Boylston nìkan li ó dá a lóhùn. Li ọjọ́ 26 oṣù June 1721, ó gbin ìgbóná sí ara àwọn mẹ́ta: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6, ẹrú rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Jack, àti ọmọ Jack tí kò tíì pé ọdún 3. Gbogbo wọn là á já. Ìlú sì dàrú. Àwọn aláṣẹ ìlú kọ̀ fún un láti tún ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Li oṣù November, ẹnìkan ju àdó olóró gba ojú fèrèsé wọ ilé Mather li òru. Bí kì í bá ṣe pé kò bú gbàmù ni, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀.

Àwọn tí ó tako ọ̀ràn náà kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn, a kò sì gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọlọ́gbọ́n wà ní ìhà kan, tí aṣiwèrè sì wà ní ìhà kejì. William Douglass, ẹnìkan ṣoṣo tí ó gba oyè ìṣègùn ní yunifásítì nínú gbogbo Boston, wí pé a kò tíì dán nǹkan yìí wò tó, àti pé ẹni tí a gbin ìgbóná sí lára, ìgbóná tòótọ́ li ó ní, ó sì lè kó o ran aládùúgbò rẹ̀ tí kò bá a dá sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kejì yìí jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Boylston kò sé àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́lé, wọn ń gba àlejò. Ẹni tí ó sá àsálà fún ẹ̀mí ara rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé ikú lọ sí ilé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Douglass gbà pé àǹfààní wà nínú gbígbìn ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó béèrè nípa ẹni kẹta, ẹni tí kò sí nínú àdéhùn náà, kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ ìlera ìlú títí di òní.

Ní ti àwọn àlùfáà, méjì-méjì ni wọn pín sí. Àwọn àlùfáà Boston pọ̀ tí ó dúró ti Boylston. Ní London, àlùfáà ìjọ tiwa gan-an, Edmund Massey, wàásù li oṣù July ọdún 1722 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó tilẹ̀ ní ó dà bí ẹni pé ọ̀nà yìí ni èṣù gbà gbin oówo sí ara Jóòbù. A sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé aṣọ funfun tí a wọ̀ ń fi ọgbọ́n fún ènìyàn nínú ọ̀ràn tí ó jẹ́ ti ìṣirò.

Ìṣirò li ó parí ìjà náà. Boylston kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ìgbẹ̀yìn gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn sílẹ̀. Wọn lé ní 240. Àwọn 6 kú nínú wọn, ìyẹn ni bí 1 nínú 40. Nínú àwọn tí ìgbóná fúnra rẹ̀ mú, bí 1 nínú 7 li ó kú. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò tíì yanjú. 1 nínú 7 jẹ́ ti àwọn tí àrùn ti mú. 1 nínú 40 jẹ́ ti gbogbo ẹni tí ó na apá rẹ̀ fún abẹ. Ẹni tí kò na apá rẹ̀ lè yọ, kí àrùn má tilẹ̀ kàn án rárá. Nítorí náà, ewu tí ó wà níwájú rẹ̀ ní apá méjì: mélòó nínú àwọn ènìyàn ni àrùn yóò mú, àti pé, nínú àwọn tí ó bá mú, mélòó ni yóò pa. A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan di púpọ̀ nípa èkejì kí a tó mọ ìwọ̀n ewu náà. Òkú 844 nínú gbogbo ará ìlú 11,000 jẹ́ bí 1 nínú 13. Èyí ni kí a fi wé 1 nínú 40. Gbígbìn ín ṣì sàn jù, ṣùgbọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta ni, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́kọ́ rí li ojú. Ẹ jẹ́ kí a ro ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀, tí àrùn náà kì yóò mú ju 1 nínú 20 lọ. Níbẹ̀, 1 nínú 140 péré ni ìgbóná yóò pa. Bí a bá gbé abẹ Boylston lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, àwa fúnra wa li a óò di àjàkálẹ̀ àrùn wọn. Oògùn kan náà, abẹ kan náà, ọwọ́ kan náà: ó jẹ́ ìgbàlà ní ibi kan, ó jẹ́ ìparun ní ibòmíràn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ewu tí ó wà lẹ́yìn ilé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì gba iṣẹ́ kíkà yìí ṣe. James Jurin, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọba ti àwọn ọ̀mọ̀wé ní London, kọ̀wé sí gbogbo oníṣègùn tí ó lè kọ̀wé sí, kí wọn ròyìn fún òun iye ẹni tí wọn gbìn ín sí lára àti iye tí ó kú. Ó sì ń tẹ ìròyìn náà jáde. Li ìwọ̀n ìṣirò rẹ̀, bí 1 nínú ènìyàn 14 tí a bí ní London ni ìgbóná ń pa, ṣùgbọ́n bí 1 nínú 50 li ó ń kú nípa gbígbìn ín.

Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kì í wọ ọkàn òbí bọ̀rọ̀. Benjamin Franklin, tí gbogbo ayé mọ̀, gbé ní ìlú Philadelphia, ó sì gbà pé gbígbin ìgbóná dára. Li ọdún 1736 ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, kú nípa ìgbóná láìjẹ́ pé a ti gbìn ín sí i lára. Nígbà tí ó darúgbó, ó kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé òun ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ nítorí àwọn òbí tí ń bẹ̀rù pé àwọn kò ní lè dárí ji ara àwọn bí ọmọ bá kú lábẹ́ abẹ. Ó ní ọ̀fọ̀ náà kò yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọn mú ìhà tí ewu rẹ̀ kéré.

Li ọdún 1760, Daniel Bernoulli, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìṣirò, gbé ọ̀ràn náà lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Paris. Ó rò ó pé ìgbóná ń mú 1 nínú 8 li ọdún kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí kò tíì ní in rí, ó sì ń pa 1 nínú 8 tí ó bá mú; gbígbìn ín sì ń pa 1 nínú 200. Li ọ̀nà yìí ó ṣírò pé bí a bá gbìn ín sí gbogbo ọmọ lára, ẹ̀mí tí ọmọ titun lè retí yóò kúrò li ọdún 26 àti oṣù 7, yóò sì di ọdún 29 àti oṣù 9. Fún ìjọba, ọ̀rọ̀ ti tán: àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ ogun àti àwọn asanwó-orí yóò pọ̀ sí i. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò, d'Alembert, dá a lóhùn nínú ọdún kan náà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ń ka gbogbo ènìyàn pọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ń wo ọmọ kan. Ewu abẹ wà li oṣù yìí. Ọdún mẹ́ta tí Bernoulli ṣèlérí wà ní ìpẹ̀kun ayé ọmọ náà. Ta li ó sọ pé kí a fi nǹkan ti òní wé nǹkan ti ọjọ́ alẹ́ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọn? Li ójú tiwa, àwọn méjèèjì li ó ní òtítọ́ li ẹnu. Aláṣẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò Bernoulli, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ d'Alembert li ó máa bá níbẹ̀, kò sì lè fi àṣẹ nìkan dá a lóhùn.

Nǹkan kan tún wà tí ìṣirò wọnnì kò kọ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó na apá wọn, a kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn 6 tí a ti dá lẹ́bi ikú nínú ẹ̀wọ̀n Newgate, li oṣù August ọdún 1721, a sì ṣèlérí ìdáǹdè fún wọn. Lẹ́yìn wọn li ó kan àwọn ọmọ òrukàn. Ní Boston, ẹrú àti ọmọ ẹrú wà nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn tí ẹnu wọn kò tólẹ̀ li ó ru ewu ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí ẹnu wọn tólẹ̀ lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí a bá ń fi ewu wé ewu tí a kò béèrè ẹni tí yóò rù ú, iṣẹ́ náà kò tíì dé ìdajì.

Èyí tí Edward Jenner ṣe li ọdún 1796 di mímọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé, nítorí náà a óò kọjá rẹ̀ kíákíá. Ó rí i pé ìgbóná màlúù, tí kì í pa ènìyàn, ń dáàbò bo ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ìgbóná tòótọ́. Láti ìgbà náà ewu oògùn rẹlẹ̀ gidigidi, ẹni tí ó gbà á kò sì lè kó ìgbóná ran aládùúgbò rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà Jenner yìí li ó dé ọ̀dọ̀ wa tí a ń pè ní bupá. Ní Èkó, Dókítà Ogúntọ́lá Sàpárà, tí ó kú li ọdún 1935, kò fi mọ sí bupá nìkan. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná níkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ bí àrùn náà ti ń tàn. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ewu ń gbà kò lè wọn ewu.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbóná ń jà kiri ayé, bupá kò nílò agbẹjọ́rò. Ní New York li ọdún 1947, àwọn 12 péré li ó ní àrùn náà, 2 kú, àwọn aláṣẹ sì bupá fún ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 láàárín oṣù kan. Ìwọ̀n èyí tóbi, ó sì ṣeé ṣe nítorí pé oògùn wà, owó wà, ọ̀nà sì dára. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí kò ní oògùn tó ṣe?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti ilẹ̀ wa jáde, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Li oṣù December ọdún 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú míṣọ́nnárì ìjọ Luther ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, gbọ́ pé ìgbóná ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà Ọ̀gọ́jà. Oògùn tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò tó láti bupá fún gbogbo ènìyàn, àfikún rẹ̀ kò sì tíì dé. Àwọn míṣọ́nnárì ní rédíò tí wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ li alaalẹ́. Foege gbé máàpù sílẹ̀, ó pín agbègbè náà fún wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n kí olúkúlùkù rán ìránṣẹ́ sí gbogbo ìletò tí ó wà nítòsí rẹ̀ láti wádìí bóyá ìgbóná wà níbẹ̀. Li alẹ́ ọjọ́ kejì èsì dé. Wọn sì mọ àwọn ìletò náà li ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oògùn tí ó pọ̀ jù li a lò ní àwọn ìletò tí ìgbóná wà. Ìyókù li a lò ní ibi tí ó ṣeé ṣe kí ó tàn dé, èyí tí wọn mọ̀ nípa bíbéèrè ibi tí àwọn ará ìletò ń ná ọjà sí àti ibi tí àwọn ẹbí wọn ń gbé. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, àrùn náà kú níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará agbègbè náà kò tíì gba bupá rárá. Ọ̀nà yìí bá ìwà ìgbóná mu: kì í gbé ara ẹranko, ara ẹni tí ó ń ṣe li a ti ń kó o, ara ẹni náà a sì kún fún egbò tí gbogbo ojú ń rí. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò nílò láti ka gbogbo ènìyàn sí ẹni tí ewu rẹ̀ dọ́gba. Ewu ẹni tí ń gbé ní ilé aláìsàn pọ̀ jọjọ. Ewu ẹni tí ń gbé ní ọ̀nà jíjìn tí kò bá wọn ná ọjà kéré. Ibi tí ewu pọ̀ sí ni kí oògùn lọ.

Ní Abakaliki, li ọdún 1967, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fi ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ará ìlú náà ti gba bupá, ẹni tí ó bá wo ìwé ìṣirò ì bá sì wí pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n ìjọ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò jẹ́ kí wọn gba bupá, wọn sì ń gbé pọ̀, wọn ń jọ́sìn pọ̀. 32 li ó ní àrùn náà; 30 nínú wọn jẹ́ ti ìjọ yẹn. Àròpọ̀ gbogbo ìlú lè dára kí ihò sì wà nínú rẹ̀ tí ikú ń gbà wọlé. Ó dùn wá pé ilé àdúrà ni ihò náà wà.

A mú ọ̀nà Ọ̀gọ́jà yìí lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn. Li oṣù May ọdún 1970 li ẹni ìkẹyìn ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìgbóná, ní Nàìjíríà níhìn-ín. Li oṣù October ọdún 1977 ó dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn tí ó kó o li ọ̀nà àdánidá ní gbogbo ayé, ní Sòmálíà. Ẹni náà sì yè. Li ọdún 1978 ó tún pa obìnrin kan ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà tí a ti ń fi kòkòrò àrùn náà ṣe ìwádìí. Li oṣù May ọdún 1980 àpéjọ ìlera àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán.

Ṣáájú ìkéde yìí, àwọn kan ti ní ìgboyà tí ó ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 1949 ìgbóná kò sí ní Amẹ́ríkà mọ́, síbẹ̀ gbogbo ọmọ ni a ń bupá fún. Li ọdún 1968 wọn ṣe ìṣirò: nínú ènìyàn bí mílíọ̀nù 14 tí ó gba bupá li ọdún náà, 9 kú nípa bupá fúnra rẹ̀. Ìgbóná kò pa ẹnikẹ́ni. 9 nínú mílíọ̀nù 14 kéré púpọ̀. Boylston ì bá fò sókè fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n òfo wà ní apá kejì òṣùwọ̀n, 9 sì wúwo ju òfo lọ. Àwọn aláṣẹ ro ó bí ìgbóná bá tún ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé, wọn rí i pé a lè sé e mọ́ bí a ti sé e mọ́ ní Ọ̀gọ́jà, wọn sì dáwọ́ dúró li ọdún 1972. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ li ọdún 1971. Ó rọrùn fún aláṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ènìyàn ń yìn. Láti fòpin sí ohun tí ó ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún là, nígbà tí ènìyàn ṣì ń bẹ̀rù, iṣẹ́ mìíràn ni.

Lẹ́yìn ìkéde 1980, gbogbo ilẹ̀ dáwọ́ bupá dúró. Ẹ wo apá ara yín. Ẹ̀yin àgbà yóò rí àpá roboto náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì yóò rí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó gbani nímọ̀ràn láti dáwọ́ dúró mọ̀ pé àrùn kan wà tí ó jọ ìgbóná, tí ń ti ara ẹranko igbó wá, tí bupá sì ń dènà pẹ̀lú. A ń pè é ní mpox nísinsìnyí. Wọn wọ̀n ọ́n, wọn rí i pé kì í tàn láti ara ènìyàn dé ara ènìyàn bí ìgbóná, wọn sì pinnu pé ewu rẹ̀ kò tó láti máa bupá fún gbogbo ayé nítorí rẹ̀. Pẹ̀lú ohun tí ó wà níwájú wọn, a kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n li ọdọọdún ni àwọn tí kò ní àpá ń pọ̀ sí i, li ọdún 2017 sì ni mpox tún jáde ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún 39 tí a kò ti gbúròó rẹ̀ níhìn-ín. Òṣùwọ̀n ti tún yí padà.

Li oṣù August ọdún 2024, ìwọ̀n oògùn 10,000 dé Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà láti dènà àrùn yìí. Ìwọ̀n méjì ni ẹnìkan ń gbà, nítorí náà ti ènìyàn 5,000 ni, nínú orílẹ̀-èdè tí ó lé ní mílíọ̀nù 200. Ẹni tí ó gbé àpótí oògùn náà sọ̀kalẹ̀ kò lè ṣe bí àwọn ará New York ti ṣe. Ó ní láti béèrè ohun tí Foege béèrè nídìí rédíò: ìletò wo, ilé wo, àwọn wo li ó ń fi ọwọ́ kan aláìsàn, àti ọjà wo ni wọn ń ná.